Iye Ọmọ Tí Ó Wà Ní Ilé Ẹ̀kọ́ Nìkan Kò Tó

Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti dá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Jánúárì 1955, iye ọmọ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń ṣògo níwájú olùdìbò. Ògo náà tọ́, nítorí ọmọ tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ kò lè jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ tí olùkọ́ ń pè láràárọ̀ kò lè sọ ju pé ara ọmọ wà ní kíláàsì; kò lè sọ bóyá ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti wá ọ̀nà láti wọn èyí. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1994 láàárín àwọn ọmọ kíláàsì keje títí dé ìkejìlá, wọ́n béèrè bóyá ọmọ súnmọ́ àwọn ènìyàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, bóyá ó ka ara rẹ̀ kún ọmọ ibẹ̀, àti bóyá àwọn olùkọ́ ń ṣe ẹ̀tọ́ láìṣe ojúsàájú. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 1997 fi hàn pé ìdààmú ọkàn àti èrò àti pa ara ẹni kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ mọ́ lára tó bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó wà níbẹ̀ bí àlejò.

Ní ìdajì kìíní 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà ti da ilé ẹ̀kọ́ rú, àjọ CDC tí ó ń mójú tó ìdènà àrùn ní orílẹ̀-èdè náà bi àwọn ọmọ girama ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ní àwọn súnmọ́ ènìyàn ní ilé ẹ̀kọ́ kò tó ìdajì. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 6 ni ó ti gbìyànjú láti pa ara wọn láàárín ọdún kan. Nínú 100 àwọn yòókù, nǹkan bí 12 ni.

A kò sọ pé òǹkà yìí yanjú gbogbo ọ̀ràn. Ọmọ tí ìbànújẹ́ ti mú tẹ́lẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ yẹra fún ẹgbẹ́, kí a sì máa di ẹ̀bi ru ilé ẹ̀kọ́. Bí ó ti wù kí ó rí, níbi tí àwọn ọmọ tí kò ní alábàárò bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ó yẹ kí àgbà tètè yà sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún-ún. Ẹ bi àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dáhùn láìkọ orúkọ, kí ìbẹ̀rù má baà yí òtítọ́ padà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí olùdíje bá tún dé tí ó ń ka iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí òun kọ́, ẹ bi í pé olùkọ́ mélòó ni ó fi sínú wọn. Olùkọ́ kan tí a kó 100 ọmọ fún kò lè mọ èyí tí ó ń sunkún nínú. Ìjọba tí ó bá ṣe ìwọ̀nyí yóò ní ohun gidi tí yóò fi ṣògo.