Ta Ni Yóò Pàdé Wa ní Pápákọ̀ Òfurufú?

Ẹni tí ó bá ti dúró rí ní ẹnu ọ̀nà àbájáde pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, yóò ti rí ìran yìí. Ilẹ̀kùn a ṣí, àwọn èrò tí bàálù gbé dé láti òkè òkun a tú jáde, wọn a máa ti ẹrù rẹpẹtẹ níwájú, ohùn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lù wọ́n lọ́tùn-ún lósì: "Ẹ káàbọ̀ o, Màámi!" "Dádì, takisí ńkọ́?" "Níbo lẹ ń lọ? Ẹ jẹ́ ká lọ." Ẹni tí ó ní ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀ a gba àárín wọn kọjá bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tí kò ní a dúró, a máa wo ojú ẹnìkan lẹ́yìn òmíràn, a máa wá èyí tí ó jọ olóòótọ́ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń háyà ọkọ̀ láti pápákọ̀ dé ìlú, àti láti ìlú padà sí pápákọ̀, ni mo fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbọ́ mi tán ná.

Ní ọdún 2024, àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbàdàn, ń darí bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tí ó fi bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó níbẹ̀. Ọmọ náà kò fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣeré. Ó ti bá ọkùnrin kan ṣètò ọkọ̀ láti Ìkẹjà títí dé ẹnu ilé wọn ní Mọ́kọ́lá, ó ti san ìdajì owó, wọ́n sì ti fi àwòrán ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ohun méjì ni ẹnikẹ́ni kò rò. Èkíní, láti ìgbà tí Màmá kò ti lo nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà rẹ̀, wọ́n ti pa nọ́ńbà náà. Èkejì, láti ọdún 2022 ni ibùdó tuntun fún àwọn èrò òkèèrè ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ ní Ìkẹjà. Ti àtijọ́ ni awakọ̀ dúró sí. Ti tuntun ni Màmá gbà jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó múra dáadáa, tí ó so káàdì kan mọ́ ọrùn, ní kí Màmá jẹ́ kí òun bá a pe ẹni tí ó ń retí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹ nọ́ńbà tí Màmá kọ sínú ìwé pélébé, òun náà ni ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Màmá, ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́ ní Oṣòdì. Wọ́n ní kí n máa gbé yín lọ." Màmá tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé Berger, ọ̀rọ̀ yí padà: ibi tí owó tí wọ́n san mọ nìyẹn, bí Màmá bá fẹ́ dé Ìbàdàn, kí ó mú pọ́n-ùn wá. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Ó já a sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì méjì. Ẹ̀kẹta bá ọkọ̀ lọ, inú rẹ̀ sì ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá wà. Obìnrin kan tí ó ń ta búrẹ́dì létí títì ni ó fi fóònù tirẹ̀ pè wá, tí ó sì jókòó tì í títí a fi dé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Láti ọjọ́ náà ni ẹbí ti ń pín ẹ̀bi. Àwọn kan ní ọmọ ni kò ṣètò dáadáa. Àwọn kan ní kí ni Màmá rí tí ó fi tẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ rí. Èmi kò gbà. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin yìí kan náà ni ó ń dá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń dá lọ sí ọjà, tí ó ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá jẹ́ pé ní Heathrow ni ọkọ̀ tí wọ́n háyà fún un kò dé, yóò wulẹ̀ bọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ ni, yóò fi káàdì kan ẹ̀rọ, iye tí ọmọ ìlú ń san ni òun náà yóò sì san. Láti ọdún 1977 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ àárín pápákọ̀ Heathrow. Níbẹ̀, ọkọ̀ háyà jẹ́ ìrọ̀rùn fún ẹni tí ó bá wù. Ní Ìkẹjà, òun nìkan ni ọ̀nà tí ọkàn ti lè balẹ̀ díẹ̀, ẹni tí kò bá sì lágbára rẹ̀, ọwọ́ àwọn olóhùn ẹnu ọ̀nà ni yóò bọ́ sí.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ olówó ni. Ẹ wo àwọn tí ń jáde láti inú bàálù wọ̀nyí. Oníṣòwò tí ó lọ ra aṣọ ní Dubai ń bẹ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó lọ ṣe Úmúrà, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, àti àwọn ìyá àgbà tí ó lọ bá ọmọ wọn wẹ ìkókó. Olówó gidi ní dírẹ́bà tirẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ ní ọlọ́pàá tí yóò tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun kan nínú ìtàn. Pápákọ̀ Schiphol ní Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ ibùdó àtijọ́ tí ó wà ní Ìkẹjà. Ọjọ́ 15 oṣù March ọdún 1979 ni wọ́n ṣí i, pẹ̀lú orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí àwọn adìtẹ̀gbàjọba pa ní 13 February 1976. Ní December 1978, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà náà, àwọn ará Hóláńdì ti ṣí ibùdókọ̀ ojú irin ní Schiphol tiwọn. A wo ilé wọn, a sì kọ́ irú rẹ̀. A gbàgbé láti wo bí àwọn èrò ṣe ń kúrò nínú ilé náà.

Kì í sì í ṣe pé a kò ní ọkọ̀ ojú irin lónìí. Ní 29 February 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí Red Line ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October ọdún náà, láti Agbádó dé Òyìngbò. Ó ń dúró ní Ìkẹjà, ó ń dúró ní Oṣòdì. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní June 2021, ń dúró ní Agége. Pápákọ̀ wà nítòsí gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan tí ó wọ inú rẹ̀. Nínú ètò tí ìjọba Èkó kọ́kọ́ ṣe fún Red Line, ẹ̀ka kan wà tí yóò yà wọ pápákọ̀ òfurufú. Títí di òní, inú ìwé ni ẹ̀ka náà wà. Ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn ní tirẹ̀ kì í sì í dúró de alẹ́, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ bàálù tí ń bọ̀ láti Yúróòpù ń balẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà ènìyàn, kí ẹrù tó yọ, ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹnìkan lè ní ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí áàpù takisí ti wọ Èkó, kí ni mo wá ń pariwo lé lórí? Áàpù dára, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ fóònù tí ó ní dátà àti nọ́ńbà tí ó ń ṣiṣẹ́, èyí tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sábàá ní. Bí ó bá tilẹ̀ ní in, ẹ mọ ìbéèrè tí awakọ̀ yóò kọ́kọ́ bi í: "Níbo lẹ ń lọ? Káàṣì ni àbí tíránsífà?" Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fagi lé e. Àwọn mìíràn yóò bẹ̀ ọ́ pé kí ìwọ fagi lé e kí ẹ jọ dúnàá-dúrà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, kí ilé iṣẹ́ má baà yọ ìpín tirẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀ pé o wọ ọkọ̀ náà mọ́.

N kò bú àwọn awakọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 May 2023, owó lítà bẹntiróòlù kan ti kọjá ìlọ́po mẹ́ta iye tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń san owó ẹnubodè pápákọ̀, wọ́n ń san owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, bí bàálù bá sì pẹ́, owó yẹn ń gorí sí i. Ẹni tí ó gbé èrò kan ṣoṣo lọ sí Ìbàdàn lóru yóò padà lófìfo, tàbí kí ó sùn sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìbẹ̀rù náà ní owó tirẹ̀: ní October 2022, ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yìí ni àwọn ajínigbé ti jí ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn kan gbé. Ẹni tí ó bá ní awakọ̀ ń rẹ́ni jẹ, kí ó kọ́kọ́ ṣírò gbogbo èyí.

Nígbàkúùgbà tí ariwo bá ta, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé wọ́n ti kó àwọn atannijẹ ní pápákọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó ogún lọ lónìí, àwọn èrò tí yóò jáde lálẹ́ ọ̀la ṣì ń wá bí wọn yóò ṣe délé, ẹlòmíràn yóò sì wá dúró síbi tí àwọn ti àná dúró sí. Ohun tí ó lè lé wọn lọ ni bọ́ọ̀sì: bọ́ọ̀sì tí yóò máa kúrò ní ẹnu ọ̀nà àbájáde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí bàálù ìkẹyìn yóò fi balẹ̀, tí yóò já èrò sí ibùdókọ̀ Oṣòdì àti ibùdókọ̀ ojú irin Ìkẹjà, tí a ó sì kọ iye owó rẹ̀ gàdàgbà sára pátákó ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kí takisí náà ní pátákó tirẹ̀, kí wọ́n kọ iye owó dé àdúgbò kọ̀ọ̀kan sí i, kí wọ́n sì fún èrò ní ìwé tí nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ní May 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kò sí ẹni tí kò ní san owó ẹnubodè pápákọ̀ mọ́, títí kan Ààrẹ fúnra rẹ̀. Mo yìn wọ́n. Ṣé owó tí gbogbo wa ń san lẹ́nubodè náà kò lè ra bọ́ọ̀sì mẹ́wàá?

Kí ìyẹn tó dé, a ó máa háyà ọkọ̀ náà ni, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n háyà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun, pé ẹ ti san owó kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ẹ fún awakọ̀ ní nọ́ńbà bàálù, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ wo ìgbà tí yóò balẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sọ ibùdó tí ìyá yín yóò gbà jáde fún un. Ẹ máa fi káàdì owó díẹ̀ sórí nọ́ńbà Nàìjíríà wọn, kí wọ́n sì máa fi pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà kú. Ẹ jẹ́ kí ó yé tọ̀tún-tòsì ẹni tí yóò san owó ẹnubodè, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí bàálù bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Ìjà tí ó ń bẹ́ sílẹ̀ lóru, orí àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìbalẹ̀ bá ti kọjá aago mẹ́jọ alẹ́, mo rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn sí Èkó. Ní ilé tiwa, oríkì ni a fi ń dá ara wa mọ̀ báyìí. A ó sọ oríkì ọmọ kan nínú ẹbí fún awakọ̀ tí a bá ṣètò, Màmá yóò sì bi í kí ó tó fọwọ́ kan ẹrù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, káàdì yòówù tí ó lè so mọ́ ọrùn, kì í ṣe ẹni wa.

Àlọ náà ní ìṣòro tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Láti Ìbàdàn, kì í ṣe ibi tí ọ̀nà gùn dé ni a fi ń ṣírò bí kò ṣe ọjọ́. Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni èrò ìsìn Redemption City ń kún ọ̀nà Mọ́wé, ó sì mọ̀ pé bí tírélà kan bá dákú lórí afárá Kara, ẹni tí ó kúrò nílé ní agogo mẹ́wàá lè rí bàálù rẹ̀ lókè láti inú ọkọ̀.

Màmá yóò tún rìn ní oṣù tí ń bọ̀. Ọmọ kejì ti dé. Awakọ̀ tí a bá ṣètò ti béèrè ọjọ́ àti aago, ó sì ti sọ fún wa pé ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù ni, kí a múra láti kúrò ní Mọ́kọ́lá ní aago márùn-ún ìdájí. Iye tí a ó san fún un tó ohun tí èrò mẹ́wàá yóò san nínú bọ́ọ̀sì. A ó san án, a ó sì san ti àbọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lálẹ́ tí Màmá bá padà, obìnrin mìíràn yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlà, tí kò ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Ilẹ̀kùn kan náà ni yóò ṣí fún un, àwọn ohùn kan náà ni yóò sì kí i káàbọ̀.