Òṣùpá Kì Í Bù Lára Ẹrù

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tí iṣẹ́ Apollo 16 ń parí lọ lójú òṣùpá, Charlie Duke àti ọ̀gá rẹ̀, John Young, bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè láti fi dára yá. Duke fò tagbáratagbára. Ẹ̀rọ tó gbé pọ̀n, èyí tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, fà á sẹ́yìn, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá fọ́, tàbí tí aṣọ rẹ̀ ya, ó di òkú nìyẹn. Orí ló yọ ọ́. Young ló fà á dìde.

Irú ìtàn báyìí ló yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ìṣirò: ìwọ̀n èèyàn lóṣùpá jẹ́ ìdá kan nínú 6 ìwọ̀n rẹ̀ láyé, ní Mars, bíi 38 nínú 100, ní òkè ìkùukùu Júpítà, nǹkan bí ìlọ́po 2 àtààbọ̀. Ọmọ á pín in, á gba máàkì, ó parí. Ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dúró síbẹ̀ á máa rò pé òṣùpá bù lára ẹrù ni. Aṣọ àti ẹ̀rọ ẹ̀yìn Duke wọ̀n ju kìlógíráàmù 80 lọ láyé, gbogbo irin àti omi inú wọn ló sì pé pérépéré lóṣùpá. Òòfà tó ń fà wọ́n sílẹ̀ nìkan ló dínkù. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn dúró lórí eré, agbára tó máa ná an láyé náà ló máa ná an níbẹ̀.

Kò tiẹ̀ dìgbà téèyàn bá kúrò láyé kí òòfà tó yí padà. Ní ọdún 1672, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé kan, Jean Richer, gbé aago tí irin inú rẹ̀ ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún láti Paris lọ sí Cayenne, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Aago tó péye ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú 2 àtààbọ̀ falẹ̀ lójúmọ́. Newton ló wá ṣàlàyé rẹ̀: ayé ń yí, ó sì yọ ikùn láàárín, nítorí náà òòfà ibẹ̀ kò le tó ti òkè àríwá. Òṣùwọ̀n onísípíríǹgì tó bá ka kìlógíráàmù 100 ní London á fi nǹkan bíi gíráàmù 300 dín in kù ní Èkó, láìsí pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀rí tó le jù wà lórí ìràwọ̀ onírù kan tí wọ́n ń pè ní 67P. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ẹ̀rọ Philae ti àwọn ará Yúróòpù balẹ̀ síbẹ̀. Kìlógíráàmù 100 ni láyé. Níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 1. Ọ̀kọ̀ tó yẹ kó fi gún ilẹ̀ mú kò yìn. Gbogbo irin rẹ̀ ṣì pé, òòfà ibẹ̀ kò sì tó láti dá a dúró, nítorí náà bó ṣe kan ilẹ̀ ló ta padà sókè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí 2 lófurufú kó tó tún kan ilẹ̀. Abẹ́ òjìji àpáta ló bọ́ sí, níbi tí oòrùn kò ti tó o, bátìrì rẹ̀ sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Olùkọ́ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti fi èyí han ọmọ. Kí ó di iyanrìn sínú àpò sìmẹ́ǹtì, kí ó so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Okùn ló gbé ẹrù náà, ọmọ kò gbé nǹkan kan. Síbẹ̀, bó bá tì í, yóò rí i pé kì í tètè gbéra. Bó bá sì ń fì bọ̀, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ dá a dúró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó ní kó wá fi 6 pín nǹkan kan.