BODÈ TÍ KÒ NÍ ONÍBODÈ

Ọ̀ràn géètì irin tí ó dí ẹnu àwọn òpópónà ní Ṣómólú àti Bàrígà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá ti gba títì Bajulaiye lóru, tí ó sì fẹ́ yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, yóò mọ ohun tí à ń wí.

A kò sọ pé àwọn tí ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ ṣe àìdára. Olè ni ó kọ́ àwọn onílé ní ọgbọ́n yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, tí ìròyìn àwọn ìpáǹle sì gba Èkó kan, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni kò fojú kan oorun. Wọ́n dá iná sí ìdí géètì, wọ́n sì ń ṣọ́nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ta ni yóò bá wọn wí?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é. Ìlú wọn ní odi, odi ní bodè, bodè sì ní oníbodè. Oníbodè kì í fi ẹnu bodè sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ó sì mọ ojú ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde. Àwa mú ilẹ̀kùn, a sì fi olùṣọ́ sílẹ̀. Àgádágodo ni oníbodè tiwa, kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Èmi tí ń kọ̀wé yìí bá ọmọlanke kan pàdé ní òru ọjọ́ kan, ní àdúgbò tí n kò ní dárúkọ. Ìwé tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tán ni ó kún inú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà sì ti lọ sí ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago kan ti lù kí ó tó dé. Ìwé lè dúró. Aboyún tí ń rọbí kò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni iná kì í dúró de ọkọ̀ panápaná. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ẹsẹ̀ ni ó kù fún ọ̀pọ̀ ẹni tí géètì bá há mọ́.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí olùṣọ́ wà nídìí géètì láti ìgbà tí a bá tì í títí di ìgbà tí a ó ṣí i. Kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà ní ilé tí gbogbo àdúgbò mọ̀, kí a sì kọ nọ́ńbà ilé náà sára irin. Níti àwọn tí ń ti géètì lọ́sàn-án gangan kí àlejò má baà gba ọ̀nà wọn kọjá, ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀: títì ìjọba kì í ṣe àgbàlá ẹnikẹ́ni. Olúkúlùkù wa ni ó ń dá owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, a ó béèrè lọ́wọ́ akápò àdúgbò tiwa bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni ó ń gba owó náà, tàbí àgádágodo.