Kì í Ṣe Gbogbo Àìtó Ẹ̀jẹ̀ Ni Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ń Wò

Ní Elegbeka àti ní àwọn abúlé ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, bí àárẹ̀ bá mú ènìyàn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ sì funfun, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni a máa ń sáré rà. Òótọ́ ni pé ibà, aràn àti àìtó irin nínú oúnjẹ ni ó sábà ń dín ẹ̀jẹ̀ kù ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé a ti gbẹ́kẹ̀ lé ìgò náà ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kò gbọ́ tirẹ̀.

Ara nílò fítámì B12 kí ó tó lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dára. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó wà. Ẹ̀fọ́ àti èso kò ní in. Síbẹ̀, jíjẹ ẹ́ nìkan kò tó. Ikùn gbọ́dọ̀ pèsè èròjà kan tí yóò di fítámì yìí mú, tí yóò sì sìn ín dé ìpẹ̀kun ìfun kékeré, níbi tí ara ti ń gbà á. Nínú àwọn ẹlòmíràn, ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ba èròjà náà jẹ́. Iṣẹ́ abẹ ikùn, tàbí lílo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, fún ọdún pípẹ́, tún lè dí ọ̀nà náà. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ ẹran lójoojúmọ́, kí ó sì dà bí ẹni tí ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi.

Ìṣòro yìí wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà, àmì rẹ̀ sì kọjá àárẹ̀. Ahọ́n a máa pọ́n, a sì máa dán. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a máa kú, bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ìrìn kì í dúró ṣinṣin mọ́. Ibí yìí ni àwọn ará ilé ti ń sọ pé ìyá àgbà tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Iṣan ara ni ó ń bàjẹ́! Ewu tó ga jù ni pé folic acid inú oògùn ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, nígbà tí iṣan ń bàjẹ́ lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní 1992, Akinyanju àti Okany ní Èkó kọ̀wé nípa rẹ̀ lára àwọn ọmọ Áfíríkà. Nígbà àtijọ́, pípa ni ó ń pani, títí di 1926 tí Minot àti Murphy ní Amẹ́ríkà fi hàn pé jíjẹ ẹ̀dọ̀ ẹran lọ́pọ̀lọpọ̀ ń wò ó. Lónìí, abẹ́rẹ́ B12 wà, tí kò nílò ikùn láti gbé e wọ ara; ẹlòmíràn yóò máa gbà á títí ayé.

Nítorí náà, bí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò bá mú àárẹ̀ lọ, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, ẹ má ra ìgò mìíràn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, irú bíi Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ bi dókítà léèrè ohun tó fà á, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ má ṣe dá oògùn tí wọ́n fún yín níbi ìtọ́jú aláboyún dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó dín kù ṣeé dá padà. Iṣan tó ti bàjẹ́ tipẹ́ lè má padà sípò mọ́.