Aṣọ Ẹbí Ń Gbé Obìnrin Kúkúrú Mì

Gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún obìnrin kúkúrú lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, ibì kan náà ló ń forí lé: bí yóò ṣe ga. Wọ bàtà gogoro. We gèlè sókè. Má wọ ankara olódòdó ńlá. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 1 ni èmi, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún, nítorí náà mo lè sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀ pé mi ò ní ga mọ́. Ohun tí mò ń wá ni kí aṣọ gún régé lára mi, kí ẹni tó bá rí mi mọ̀ pé mo múra. Ọ̀rọ̀ gíga ò sí níbẹ̀ rárá.

Kì í sì í ṣe fáàrí lásán. Ọ̀gá ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan n'Ìbàdàn, níbi tí a ti ń yẹ ìwé owó wò. Àlejò á wọlé, á wo èmi àti akọ̀wé mi tó ga tó sì sígbọnlẹ̀, á kọjú sí akọ̀wé, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà." Á wá yíjú sí mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá àga." Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwa obìnrin kúkúrú la mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù. Ọjọ́ tí mo bá wọ aṣọ tó bá mi mu, kò sẹ́ni tó ń rán mi ní àga. Ọjọ́ tí mo bá wọ aṣọ tó tú sí mi lára, èmi náà mọ̀ pé ọjọ́ àga ni.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn aṣọ tó pọ̀. Agbádá tó ń gbá ilẹ̀, bùbá tó lè gba èèyàn méjì, gèlè tí kì í jẹ́ kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn rí ìyàwó. Àwọn àgbà ló sọ pé aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, ṣùgbọ́n ẹ dé òde ní ọjọ́ Sátidé kẹ́ ẹ wò ó bóyá a gbà wọ́n gbọ́. Obìnrin tó ga lè ru gbogbo ẹrù yìí kó sì tún rìn. Ìwọ̀n kan náà, tí a bá kó o lé kúkúrú lórí, aṣọ la máa rí, a ò ní rí èèyàn.

Orí ìró ni ìyà wa ti pọ̀ jù. Ankara ọjà, láti etí kan dé èkejì, máa ń tó ínǹṣì 45 tàbí 46. Lẹ́ẹ̀sì mìíràn tiẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìbàdí mi dé ọrùn ẹsẹ̀, ínǹṣì 36 ni. Kí ni kí n fi ínǹṣì mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá tó kù ṣe? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó ṣẹ́ ẹ po lókè, a ó kì í mọ́ ìbàdí, a ó wá fa bùbá bò ó. Aṣọ tí a ṣẹ́ po báyẹn, tí a tún fi yí ara po lẹ́ẹ̀mejì, ikùn tí Ọlọ́run ò fún ni ti dé nìyẹn. A ó sì jókòó síbẹ̀ títí agogo mẹ́jọ alẹ́, a ó máa fi ọwọ́ tì í sísàlẹ̀, a ó máa dìde tún un ró lẹ́yìn àga.

Ẹ gé e. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ sóde, ẹ ró ìró náà síwájú dígí, ẹ sàmì síbi tó yẹ kó dé ní ìbàdí, ẹ fi ínǹṣì méjì sílẹ̀ fún etí tí télọ̀ máa ṣẹ́, kí ẹ gé ìyókù dànù. Bí aṣọ náà bá ní ọ̀nà tó lọ gbọọrọ létí, apá òkè ni kí ẹ ti gé e, kí ọ̀nà yẹn lè wà nílẹ̀ níbi tí ojú ti máa bá a. Èyí tí ẹ bá gé kúrò á tó fi rán pọ́ọ̀sì tàbí fìlà ọmọdé.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, torí ìyá mi sọ ọ́ kó tó kàn yín: ìró tí a bá ti gé, ta ni a tún lè fún? Ọmọ tó ga ò lè jogún rẹ̀, ọ̀rẹ́ ò lè yá a lò. Lójú tiwọn, odindi aṣọ nìkan ni aṣọ. Wọ́n jàre, nígbà tí sányán àti ẹtù jẹ́ ohun ìní tí à ń tọ́jú sínú àpótí. Èmi náà ò ní gbé síìsọ̀sì sí ẹtù ìyá mi. Ṣùgbọ́n ankara tí wọ́n fi sin ìyá ọ̀gá ọkọ mi lóṣù tó kọjá, ta ló ń dúró de ogún rẹ̀?

Nígbà tí àwọn ìyá wa wà lọ́mọge ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1979, wọn ò dààmú ara wọn. Ìró wọn kì í ju orúnkún lọ, bùbá náà mọ níwọ̀n, gèlè kò ju ohun tí ọwọ́ ara ẹni lè wé níwájú dígí. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ó Le Kú jáde ní 1997, láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, àwọn ọmọge rí i, wọ́n tún gbé aṣọ náà wọ̀, wọ́n sì fi orúkọ fíìmù pè é. Bí wọ́n bá ní kí n mú aṣọ kan ṣoṣo tí Yorùbá rán fún obìnrin kúkúrú láìmọ̀, òlékú ni màá mú. Ẹsẹ̀ hàn, ìbàdí hàn, kò sí ìṣẹ́po níbì kankan. Ẹni tí ọjọ́ orí tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ ò bá gbà á láyè, kó jẹ́ kí aṣọ wálẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ibi tí mi ò fẹ́ kí ó dúró sí ni àárín méjì, níbi tí ẹran ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù lẹ́yìn ojúgun. Aṣọ tó bá dúró síbẹ̀ á gé ẹsẹ̀ sí méjì, ìdajì tó kù kò sì pọ̀ lára wa.

Ó wá kan télọ̀. Wọ́n á wọn àyà, wọ́n á wọn ìbàdí, wọ́n á wọn ìdí, wọ́n á ní ó ti parí. Ìwọ̀n tí ì bá gba obìnrin kúkúrú là ni èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní háàfù lẹ́ńtì, láti orí èjìká lẹ́bàá ọrùn dé ìbàdí. Tèmi jẹ́ ínǹṣì 14. Télọ̀ kan tí mo gbé lẹ́ẹ̀sì fún kọ 16 sínú ìwé rẹ̀ láìwọ̀n mí, ó ní bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn. Ínǹṣì méjì péré ni. Nígbà tí mo gbé kaba náà wọ̀, ibi tó yẹ kó sún mọ́ ìbàdí ti já sórí ìdí, ibi tó sì yẹ kó fẹ̀ fún ìdí ti kọjá lọ sísàlẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń dúró dè é. Dáàtì àyà bọ́ sábẹ́ ọmú. Ẹ̀yìn wú bí ẹni pé mo gbé nǹkan pamọ́.

"Màmá, kò ní wàhálà," ló wí, "ẹ jẹ́ n dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dín ẹ̀gbẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, òkè kò ní kúrú. Aṣọ yẹn fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tún gùn lókè: mi ò lè mí, ó sì ṣì ń wú. Télọ̀ tí mò ń lò báyìí, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, máa ń so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ mi níbàdí kó tó gbé tépù, kó lè mọ ibi tí ìbàdí mi wà gan-an. Okùn lásán. Láti ìgbà yẹn ni aṣọ ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó tún máa ń gbé èjìká aṣọ wọlé kó má baà yọ́ lọ sí apá, á gé apá bùbá sí ìsàlẹ̀ ìgúnpá díẹ̀, á sì jẹ́ kí bùbá fúnra rẹ̀ dúró lókè ìdí. Bùbá tó bá dé agbede-méjì itan ti di kaba, kó yáa máa jẹ́ kaba.

Àwọn òyìnbó tó ń rán aṣọ tà ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kíkúrú yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ sísanra. Aṣọ tí wọ́n bá gé fún obìnrin tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 4 lọ, wọ́n sábà máa ń kọ lẹ́tà P tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀. Èjìká rẹ̀ kéré, apá rẹ̀ kúrú, ìbàdí rẹ̀ wà lókè. 6P wà, 16P náà sì wà fún kúkúrú tó lẹ́ran lára. Tí ẹ bá ń ṣa ọ̀kríkà ní Yábà, ẹ yí ọrùn aṣọ wò kẹ́ ẹ wá P yìí. Àwọn tó ń tà á kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, iye kan náà ni wọ́n ń tà á.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ò gba àròyé. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tó wá sí Nàìjíríà ní 1956, kì í ṣe obìnrin gíga. Ẹ wo fọ́tò rẹ̀ nígbà tó dàgbà: kóòtù àti fìlà àwọ̀ kan náà, àwọ̀ tó tàn, kóòtù tó dúró lẹ́bàá orúnkún, bàtà tí gígísẹ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Nínú èrò tó pọ̀ bí omi, ojú ń rí i. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé kí ìró àti bùbá jẹ́ àwọ̀ kan. Gèlè lè yàtọ̀, torí ojú ló ń pe èèyàn wá sí. Ìpèlé tó yàtọ̀ tí a wá so mọ́ ìdí ni mi ò fẹ́. Èjìká ni kó wà, ní ṣíṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní ti gèlè, òfin kan ni mo ní: kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju èjìká mi lọ. Onígèlè á ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n na apá rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ lè ga." Kò sí ẹni tí gèlè tó fẹ̀ ń mú ga, ó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ni. Àwọn tó ní kí a má wọ ankara olódòdó ńlá ṣì wà níbi tí mo fi wọ́n sí. Mò ń wọ̀ ọ́. Mo kàn máa ń sọ fún télọ̀ ibi tí òdòdó kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, kó má lọ gbé méjì lé mi láyà. Bàtà ínǹṣì mẹ́fà? Ẹni tó ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn kò tíì ga.

Búbù tó gbòde báyìí ló wá mú mi kọ èyí. Mo mọ̀ pé ó tu ara, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á ní ìwọ̀n kan fún gbogbo ayé, àwọn ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí sì ti ń pàṣẹ rẹ̀: gbogbo wa, búbù. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ, ṣùgbọ́n mo ti rí obìnrin tí búbù gbé mì, tí orí àti ìka ẹsẹ̀ nìkan ṣẹ́ kù níta. Ẹni tó bá ti rà á, kó gbé e lọ bá télọ̀, kó gé ìsàlẹ̀, kó gé apá, kó ṣí ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, ẹ gbọ́ tiwa. Ọ̀pá mẹ́ta àti àbọ̀ tó mi fún ìró àti bùbá, owó ọ̀pá márùn-ún lẹ́ẹ̀sì ni mò ń san, owó ọ̀pá mẹ́fà ankara ni mò ń san. Tí ẹ bá dé Gbági tàbí Balógun, ẹ bá oníṣòwò sọ ọ́ kó gé e fún ẹni tó bá fẹ́ kékeré. Bí èyí bá le jù, ẹ dárúkọ àwọ̀ fún wa, kẹ́ ẹ fi aṣọ àti irú tí a máa rán sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin télọ̀, kẹ́ ẹ tó gbé síìsọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn háàfù lẹ́ńtì wa.