Àkọlé Nínú Ìwé Wa: Kí A Má Ṣe Kọ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Orí



Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ẹ̀gbá, wá sí yàrá ẹgbẹ́ wa ní Òkè-Ìlewó. Ohun tí ó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: ó fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ wa pinnu ní ti fífi àmì ohùn kọ orúkọ àwọn ìlú wa àtijọ́. Àwa tí a wà níbẹ̀ mọ̀ dájú pé a ti jíròrò ọ̀rọ̀ náà, a sì ti fẹnu kò lé e lórí. A gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé kalẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Agogo mẹ́rin ni a bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó rí i, láàrín ọ̀rọ̀ àga tí ó ṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn. Nínú gbogbo ojú ewé tí a ṣí, kò sí àkọlé kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n ojú tì wá. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn, tiwa ni.

Bí ẹgbẹ́ tí ó pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú àṣà bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè rí i mọ́, irú ìtọ́jú wo ni a ń ṣe? Ohun tí a kọ tí a kò rí, kò yàtọ̀ sí ohun tí a kò kọ rárá. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lóṣù yìí lórí àkọlé.

Àkọlé kì í ṣe àlejò láàrín wa

Àwọn kan yóò wí pé àṣà òyìnbó ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Àjàyí Crowther ṣe olórí rẹ̀, orí ni a ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ìwé. Orúkọ náà bá a mu, nítorí orí ni í ṣáájú ara wọ inú ilé, òun náà ni a sì fi ń dá ènìyàn mọ̀ láti òkèèrè.

Kí ìwé tó dé, Ifá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Odù 256 ni Ifá ní. 16 nínú wọn ni ojú odù, tí Èjì Ogbè jẹ́ aṣáájú wọn, 240 yòókù sì jẹ́ ọmọ odù. Lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan ni ẹsẹ púpọ̀ wà. Babaláwo kì í kàn la ẹnu kí ó máa ki Ifá: ọ̀pẹ̀lẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi odù hàn, yóò pe odù náà ní orúkọ, lẹ́yìn náà ni yóò ki ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí orúkọ odù, ta ni ìbá lè kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí láìsí ìwé?

Ìlú wa pàápàá ni ẹ̀rí kẹta. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, wọn kò da ara wọn pọ̀ bí ẹ̀wà inú àpò. Ìjemò di orúkọ rẹ̀ mú, Ìkìjà di tirẹ̀ mú, Ìgbẹ̀ìn sì di tirẹ̀ mú. Títí di òní, Aláké wà fún Aké, Ọ̀ṣilẹ̀ fún Òkè-Ọnà, Àgùrá fún Gbágùúrá, Olówu fún Òwu. Àlejò tí ó ń wá ẹbí kan yóò béèrè ẹkùn, yóò béèrè ìlú, yóò béèrè agbo ilé, yóò sì dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó ti yẹ kí ìwé rí nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ láti ara Ìwé Ìròhìn

Abẹ́òkúta yìí ni a ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá. Ní 1859 ni àlùfáà Henry Townsend, ará ìjọ C.M.S., dá Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀. Ó ń jáde títí di 1867, ọdún Ìfọ́lé, tí a lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú. Ìròyìn ìjọ, ti òwò àti ti ìlú ni ó ń gbé. Òǹkàwé ìgbà náà kò ní ìwé ìròyìn mìíràn ní èdè rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó lè fara balẹ̀ kà á láti òkè dé ilẹ̀. Àwa ti òde òní kò sí nínú irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìwé pọ̀, àkókò kò tó. Òǹkàwé a máa fi ojú sáré wo ojú ewé kí ó tó pinnu bóyá òun yóò jókòó tì í. Àkọlé ni ó ń dì í mú.

Bí àkọlé rere ti í rí

Èkíní, kí ó sọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. "Ọ̀rọ̀ Pàtàkì" kì í ṣe àkọlé, nítorí ta ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí òun gbà pé kò ṣe pàtàkì? "Ààlà ilẹ̀ agbo ilé wa" ni àkọlé. Èkejì, kí ó mọ ipò rẹ̀. Olórí àkọlé kan ṣoṣo ni ó yẹ ìwé, bí ọba kan ti yẹ ààfin. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn àkọlé ńlá wà, lábẹ́ àwọn wọ̀nyí sì ni kéékèèké. Kí a má ṣe fi ọmọ jókòó sórí àga bàbá. Ẹ̀kẹta, kí ó kúrú. Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe purọ́: àkọlé tí ó ṣe ìlérí ogun, tí a sì bá ìjà ọmọdé lábẹ́ rẹ̀, kò ní rí ẹni gbà á gbọ́ nígbà kejì.

Fún àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi

Ọmọ wa tí ó wà ní London tàbí ní Amẹ́ríkà kì yóò dé Òkè-Ìlewó kí ó tó béèrè ìtàn ilé bàbá rẹ̀. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú Google. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn Ẹ̀gbá; àkọlé wà lára ohun tí ó ń wò kí ó tó mọ ohun tí ojú ìwé kan dá lé. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé kíyè sí i: kí a kàn mú kí lẹ́tà tóbi, kí ó sì dúdú, kò tó. Ojú ènìyàn yóò rí i, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé àkọlé ni. Nínú kọ̀ǹpútà, a ní láti sàmì sí ìlà náà gẹ́gẹ́ bí àkọlé, kí a sì sọ ipò rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè to àkóónú ìwé síwájú. Afọ́jú, tí ẹ̀rọ ń kàwé sí létí, sì lè fò láti orí àkọlé kan bọ́ sórí òmíràn, bí àwa ti ń fi ojú wa ṣe.

Kí a má sì ṣe gbàgbé àmì ohùn. Òwu ni ìlú, òwú ni a fi ń hun aṣọ, owú sì ni ti orogún. Àkọlé tí kò ní àmì lè mú ẹni tí ó ń wá ìtàn Òwu dé inú oko òwú.

Èsì fún àwọn tí kò fẹ́

Àwọn àgbà kan sọ fún wa pé àkọlé ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé, pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gẹṣin dé ibi tí ó ń lọ. Òótọ́ ni, ní ẹnu. Nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ìdákẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀, àní ikọ́ tí ó wú, ni àkọlé. Gbogbo wa a sì mọ ìgbà tí ó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ìwé kì í wúkọ́. A gbà, ẹ̀wẹ̀, pé àkọlé lè pọ̀ jù: ẹni tí ó ń fi àkọlé sórí gbólóhùn méjì-méjì ń rẹ́ ìtàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilá. Ìwọ̀n ni ohun gbogbo.

Ohun tí a pinnu

Láti ìpàdé tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa yóò ní àkọlé àti ọjọ́. A sì bẹ ẹ̀yin ìjòyè wa: ìtàn agbo ilé tí ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí a pín in sí ìṣẹ̀dálẹ̀, oyè àti bí a ti ń jẹ ẹ́, ààlà ilẹ̀, oríkì, àti èèwọ̀. Nítorí bí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti oyè bá dé, tí ìwé wà nílẹ̀, tí a kò sì rí ojú ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá pariwo jù ni yóò borí, kì í ṣe ẹni tí ó jàre. Àgbà tí ó mọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ wà yóò lọ lọ́jọ́ kan. Ìwé ni yóò kù. Ẹ jẹ́ kí a fi orí sí i.