Láti Iléṣà sí Òṣogbo: kí a ka iye epo kí a tó ka owó ọkọ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra wọlé, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọjọ́ náà tó dé, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kọjá ₦480. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ó dé ₦617. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti tó nǹkan bíi ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Láti ìgbà náà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí ibi tí a ti mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà ni ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦460 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ wá. Nítorí náà, ọkọ̀ tí olùkọ́ kan lè fi owó àjọ rà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ìdílé ń ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rà. Ẹni tó bá ṣi ọkọ̀ rà lónìí, ó lè pẹ́ kó tó bọ́ nínú gbèsè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ọ̀ṣun gidigidi, pàápàá àwọn tó ń gbé ní Iléṣà tí iṣẹ́ wọn wà ní Òṣogbo, àti àwọn tó ń gbé ní Òṣogbo tí iṣẹ́ wọn wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tàbí ní Yunifásítì Iléṣà. Ìlú méjèèjì fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 30 síra wọn. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 60 ó lé. Bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ sẹkitéríàtì ìjọba ní Abéèrè, ọ̀nà tún gùn sí i.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló ayé àtijọ́ kì í gbé aṣọ lé èjìká láìṣírò ohun tí yóò kù lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn owó ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ọkọ̀ tó ń wọ ọjà wọn, Toyota Corolla ọdún 2008 tí gíá rẹ̀ jẹ́ ọtomátíìkì ń rin nǹkan bíi kìlómítà 12 lórí lítà epo kan. Camry ọdún 2007 oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, èyí tí àwa ń pè ní Muscle, ń rin nǹkan bíi kìlómítà 10. Jíìpù Highlander ọdún 2008 oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà ń rin nǹkan bíi 8.

Kí a fi lílọ-bíbọ̀ sí kìlómítà 60, kí a fi lítà epo kan sí ₦900, kí a sì fi ọjọ́ iṣẹ́ inú oṣù sí 22. Corolla yóò mu lítà 5 lójúmọ́, ìyẹn ₦99,000 lóṣù. Camry yóò mu lítà 6, ₦118,800. Jíìpù yóò mu lítà méje àtààbọ̀, ₦148,500. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦75,000. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tó ń ṣọ́ epo lò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàápàá yóò jẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré tán, yóò tún jẹ gbèsè lé e. Ọ̀nà tó dán àti ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n sì fi wọn ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà. Òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kòtò ojú títì àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá kò sí níbẹ̀.

Ohun méjì ni ìṣirò yìí kọ́ wa. Èkíní, ₦49,500 ni jíìpù fi ju Corolla lọ lóṣù kan, lórí epo nìkan. Ẹni tí ọ̀rẹ́ bá sọ fún pé jíìpù kan wà tí owó rẹ̀ kò ju ti Corolla lọ, kí ó rántí pé owó tí a fi ra ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san án. Ti epo kò lópin. Èkejì, kò sí ọkọ̀ tí ó lè dá nìkan tú ẹni tí owó rẹ̀ kéré sílẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́rin tí ọ̀nà wọn jọ lọ bá jọ wọ Corolla kan, tí wọ́n pín owó epo dọ́gba, ₦24,750 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ará mọ́sálásí kan náà tó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ kan náà nínú ọkọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí a tún èyí rò.

Ní ti ọkọ̀ tí kì í dáni dúró sójú ọ̀nà, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ìdí tí Peugeot 504 àti Volkswagen ìjàpá fi pẹ́ lójú títì wa ni pé láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Mẹkáníìkì abúlé mọ̀ wọ́n tinú-tòde, ẹ̀yà ara wọn sì wà lọ́jà. Lónìí, Toyota àti Honda ló bọ́ sí ipò náà. Kí ẹnikẹ́ni tó rà, kí ó béèrè pé: bí ọkọ̀ yìí bá dákú lọ́jọ́ Sátidé ní Iléṣà, ta ni yóò tún un ṣe, níbo sì ni a ó ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀?

Toyota pàápàá ní àléébù tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 2.4 inú Camry ọdún 2007 sí 2009 ní ìṣòro jíjẹ ọ́ìlì, débi pé ilé iṣẹ́ náà fi kún àkókò tí ó fi ń bá àwọn oníbàárà tún un ṣe ní Amẹ́ríkà. Nissan náà ṣe bẹ́ẹ̀ lórí gíá CVT àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2010. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló kún ibi ìtajà tòkunbọ̀ wa. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà wọ́n; kí a mọ ohun tí a ó yẹ̀ wò ni.

Mẹkáníìkì tìrẹ ni kí o mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, torí ẹ́ńjìnnì gbígbóná máa ń fi àìsàn pamọ́. Ẹ yọ irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì wò, ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó ṣì tutù. Èéfín tó ń pọ́n bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú, epo ló ń fi ṣòfò. Ẹ wà á gun òkè, kí ẹ wo bóyá yóò gbóná, bóyá gíá yóò máa fà sẹ́yìn. Nọ́ńbà VIN, tí í ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá, a lè tẹ nọ́ńbà yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA láti mọ̀ bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe. Kí a wo ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú: láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi fàyàwọ́ gbé wá láti Kùtọnu, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ọ̀pọ̀ ń béèrè nípa gáàsì CNG tí ìjọba ń polongo. Owó rẹ̀ rọjú gan-an ju ti epo lọ, a kò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a ó ti máa rọ ọ́. Bí a bá ní láti wakọ̀ jìnnà kí a tó rọ, tí a sì tún tò fún wákàtí púpọ̀, èrè rẹ̀ ti bọ́ sójú ọ̀nà. Sílíńdà rẹ̀ wúwo, ó sì ń gba ààyè nínú búùtù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ oní-CNG kan bú gbàmù ní Benin. Àwọn aláṣẹ ètò náà sọ pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀ ló fà á. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni kí a ti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ wa kù sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí. Ìtàn oníṣòwò tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá lọ́jà, tí ó fi oúnjẹ tútù pamọ́ sábẹ́ èyí tó gbẹ, kò ṣàjèjì sí wa. Ọkọ̀ tí a dín kìlómítà rẹ̀ kù, èyí tí omi ti bò rí tí a kùn ní ọ̀dà, èyí tí a pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kí oníbàárà má baà rí i, oúnjẹ tútù ìgbà tiwa ni wọ́n. Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ sọ àléébù ọjà rẹ̀. Ẹni tó ń rà náà, kí ó má fi ojú aládùúgbò yan ọkọ̀, nítorí aládùúgbò kò ní bá a ra epo. Ìnákúnàá kò tọ́ sí Mùsùlùmí, yálà nínú oúnjẹ ni tàbí lójú títì.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí owó wa, kí Ó sì máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀. Àmín.